Ẹ̀rọ ìgégi fún ẹni tó ń fi igi gígé jẹun: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn agégi, àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí ló máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹni tó ń gé igi nínú ọgbà ilé, lẹ́bàá títì, nínú oko kòkó àti nínú igbó tíìkì nílẹ̀ Yorùbá ni mo ní lọ́kàn. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀ka kan lọ láti gé lọ́dún, àdá àti ayùn ọwọ́ tó fún un.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

Kí ẹ tó béèrè orúkọ ẹ̀rọ, ẹ wo igi tí ẹ máa gé. Ẹni tí wọ́n ń pè pé kó wá gé máńgòrò, dóńgóyárò àti igi fúrúùtù nínú ọgbà ilé ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wó arère àti afàrà nínú igbó Olúwa l'Óǹdó, tàbí nínú igbó J4 ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

cc ni wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì. Láti nǹkan bíi 30 dé 45 cc, ẹ̀rọ kékeré nìyẹn: ó wà fún ẹ̀ka àti igi tí kò tóbi ju itan èèyàn lọ. MS 180 àti MS 250 ti ilé iṣẹ́ Stihl wà ní ẹgbẹ́ yìí. Láti 60 dé nǹkan bíi 75 cc, ẹ̀rọ àárín ni, òun ló sì máa ń bọ́ agégi jù: Stihl MS 381 jẹ́ 72 cc, ìwọ̀n rẹ̀ láìsí báà (irin gígùn pẹlẹbẹ iwájú ẹ̀rọ) àti ṣéènì (ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń yí i ká) jẹ́ kìlógíráàmù 6.6. 372 XP ti ilé iṣẹ́ Husqvarna kò jìnnà sí i, 71 cc ni. Láti 90 cc sókè, ti igi ńlá ni, bíi MS 661.

Bí owó yín bá tó ẹyọ kan péré, ẹ ra ti àárín. Bí ó bá tó méjì, ẹ ra ti àárín kan àti kékeré kan, ẹ má ra ńlá kan ṣoṣo. Láàárín ìlú, ẹ̀ka ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, apá àti ẹ̀yìn yín ló sì ń gbé ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára dáadáa tí ẹ̀rọ ńlá mú lẹ́yìn títí tó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun kejì tí mo máa ń tẹnu mọ́: kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ nítòsí yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní písítìn, ríìngì, kábúrétọ̀ àti okùn ìfàjí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tiyín, bó ti wù kó dára tó. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín, kò ní dúró dè yín.

Gbogbo ọ̀gá tí mo mọ̀ ló ń lo 070. Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n rà á?

Mi ò sọ pé Stihl 070 kò dára. Ẹ̀rọ tó lágbára ni, 106 cc, ọ̀pọ̀ pákó tí wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn ló sì jẹ́ pé 070 ló wó igi rẹ̀. Mẹkáníìkì mọ inú rẹ̀, ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri, ó sì ń fara da ìyà. Ẹni tó ń la ìrókò tàbí ọ̀gànwó ní pákó nínú igbó, tí igi náà ti wà nílẹ̀, mo mọ ìdí tó fi fẹ́ràn rẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ tí ó yẹ fún ni kí ẹ fi í ṣe. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 10 kí a tó so báà àti ṣéènì mọ́ ọn, kí a tó da epo sí i. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn agégi wa kò ní bíréèkì ṣéènì rárá. Ẹ̀rọ tó wúwo báyẹn, tí kò ní bíréèkì, tí gbígbọ̀n rẹ̀ ń wọ eegun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e gun orí igi. Mo rí i tí wọ́n ń fi okùn fà á sókè sí orí máńgòrò nínú ọgbà ilé, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rọ Ṣáínà 58 cc tó wà níta ńkọ́? Owó rẹ̀ kò ga.

Fún ẹni tó ń gé igi ìdáná tàbí tó ń tún oko rẹ̀ ṣe, ó lè ṣe é. Fún ẹni tó ń gé igi lójoojúmọ́, ohun tí kì í pẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì sí ṣéènì, kílọ́ọ̀ṣì, àti okùn ìfàjí. Ẹ tún kíyè sí i pé 58 cc tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kò sọ pé ó lágbára tó ẹ̀rọ ògbóǹtarìgì tó jẹ́ 58 cc. Iye kilowatt tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ wò.

Bí òun náà lowó yín ká, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ pààrọ̀ ṣéènì tó bá a wá sí èyí tó dára. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí máa yà yín lẹ́nu.

Báwo ni mo ṣe lè dá ayédèrú mọ̀?

Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀rọ náà: lára ojúlówó, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin tàbí ike rẹ̀, kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn nìkan. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ lára rẹ̀, bóyá lẹ́tà kan wọ́ tàbí àwọ̀ rẹ̀ ṣì. Lára ojúlówó ṣéènì Stihl, orúkọ náà wà lára irin ṣéènì fúnra rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ike rẹ̀: ti ayédèrú máa ń fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ sì máa ń rí ṣákaṣàka. Tí wọ́n bá ń ta MS 381 tuntun fún yín ní ìdajì iye tí ẹlòmíràn ń tà á, kì í ṣe MS 381.

Ẹ̀yà ara ayédèrú léwu ju odindi ẹ̀rọ ayédèrú lọ, nítorí pé ó máa ń wọnú ẹ̀rọ gidi láì jẹ́ kí a mọ̀. Ríìngì tí irin rẹ̀ kò dára lè ha inú sìlíńdà tuntun kó tó pé oṣù kan.

Ṣé tòkunbọ̀ dára?

Ó dára bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ tú sailẹ́ńsà rẹ̀ kúrò níwájú ẹni tó ń tà á, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí ẹ tanná wo písítìn láti ojú ihò yẹn. Bí ara písítìn bá ń dán, tó mọ́, ó dára. Bí ẹ bá rí ìlà gígùn tó ha sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, epo tí ọ́ìlì rẹ̀ kò tó ló ti jẹ ẹ̀rọ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò bá gbà kí ẹ tú sailẹ́ńsà, òun náà ti fún yín lésì.

Lẹ́yìn náà, ẹ jí i nígbà tó tutù. Ẹ má gbà kí wọ́n ti jí i dè yín kí ẹ tó dé.

Báà gígùn mélòó ni kí n lò?

Èyí tó kúrú jù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ agégi ń fi báà gígùn ṣe fáàrí, ṣùgbọ́n bí báà bá ṣe gùn tó ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń jìyà tó, ni eyín tí ẹ máa pọ́n ṣe ń pọ̀ sí i tó, ni imú báà náà sì ṣe ń jìnnà sí ojú yín tó. Ẹ̀rọ 72 cc pẹ̀lú báà íńṣì 20 tàbí 25 tó fún ọ̀pọ̀ igi ìlú. Igi tó bá fẹ̀ ju báà lọ, ẹ lè gé e láti ìhà méjì.

Báwo ni kí n ṣe po epo àti ọ́ìlì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì ìgégi tí mo ti rí tó jóná, àdàpọ̀ epo ló pa èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ ìgégi kò ní ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń gbé bíi ti mọ́tò. Ọ́ìlì tó wà nínú bẹntiróò nìkan ló ń rin písítìn àti bíárìnnì. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" ti mọ ọgbọ́n yìí, àmọ́ ẹ̀rọ ìgégi ń sáré jù ú lọ fíìfíì, ooru rẹ̀ sì ju ti rẹ̀ lọ. Èyí tí jẹnẹrétọ̀ fara dà lè pa ẹ̀rọ ìgégi láàárín ọjọ́ kan.

Bí ẹ bá lo ọ́ìlì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín ń tà fún un, ìdá kan ọ́ìlì sí ìdá àádọ́ta bẹntiróò ni. Ìyẹn ni pé bẹntiróò lítà 5 ń gba ọ́ìlì mílílítà 100. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń gba mílílítà 500. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 ń gba mílílítà 80.

Bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì 2T (ọ́ìlì tí a ń po mọ́ bẹntiróò) mìíràn tó dára ni ẹ rí, ẹ fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ìwé Stihl ní ìdá kan sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyẹn mílílítà 200 nínú lítà 5. Ti Husqvarna ní ìdá kan sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, nǹkan bíi mílílítà 150. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ má lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kò lè jó dáadáa pẹ̀lú bẹntiróò, èédú rẹ̀ á sì dí sailẹ́ńsà. Ẹ̀yin tó wà ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti etí ọ̀sà, ẹ má lo 2T tí wọ́n ń tà fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, atẹ́gùn ló ń tu tiwa, ooru méjèèjì kò dọ́gba.

Ìdérí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ra ike tí wọ́n sàmì mílílítà sí lára, irú èyí tó máa ń bá òògùn ọmọdé wá, tàbí sírínjì ńlá ní ilé òògùn. Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ da bẹntiróò díẹ̀ lé e, kí ẹ mì ín, lẹ́yìn náà kí ẹ da ìyókù sí i. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bu epo sí ẹ̀rọ, ẹ tún un mì. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ, nítorí omi àti ìdọ̀tí pọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì tí a ń gbé káàkiri. Ẹ má po ju èyí tí ẹ máa lò láàárín oṣù kan lọ.

Ṣé mo lè fi ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sí ṣéènì? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é nítorí pé ọ́fẹ̀ẹ́ tàbí owó táṣẹ́rẹ́ ni lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ẹ̀érún irin tó wà nínú ọ́ìlì tí wọ́n fà jáde lára mọ́tò ń jẹ báà àti ẹ̀rọ tó ń fa ọ́ìlì. Ṣéènì ń fọ́n ọn sí yín lójú, lọ́wọ́ àti lára aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. Ó tún ń kán sílẹ̀ oko tí ẹ̀fọ́ wà.

Ọ́ìlì ṣéènì gidi máa ń lẹ̀ mọ́ ṣéènì, kì í tètè fò dànù. Bí ẹ kò bá rí i, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun ṣì dára ju kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ ní ìlọ́po ọ̀nà púpọ̀.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá da epo, ẹ da ọ́ìlì ṣéènì náà. Bí epo bá tán tí ọ́ìlì ṣì kún bó ṣe wà, ihò ọ́ìlì ti dí. Láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń dé ṣéènì, ẹ di imú báà mú lókè páálí tàbí kùkùté tó funfun, láì jẹ́ kó kàn án, kí ẹ tẹ ẹ̀rọ díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ìlà ọ́ìlì tó fọ́n sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ṣéènì ti kú, báwo ni mo sì ṣe máa pọ́n ọn?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun kan ṣoṣo tó ya agégi gidi sọ́tọ̀, mo máa ní: ẹ jẹ́ kí n wo ṣéènì rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí ṣéènì rẹ̀ mú á gé igi ṣáájú 070 tí ṣéènì rẹ̀ kú. Owó tí àwọn èèyàn ń wá kiri láti fi ra ẹ̀rọ ńlá, fáìlì olówó pọ́ọ́kú ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi rà.

Ẹ wo ohun tó ń jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pàǹtí igi tó rí gbọọrọ, tó nípọn, ṣéènì mú. Tó bá ti di lẹ́búlẹ́bú bí gàrí, ó ti kú. Bí ẹ bá ní láti tì í kó tó wọ igi, ó ti kú. Bí èéfín bá ń jáde lójú ibi tó ń gé nígbà tí ọ́ìlì ń dé ibẹ̀, ó ti kú, ooru náà ti ń ba báà jẹ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Ní ọdún 1946, agégi kan ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox, rí ìdin kan tó ń jẹ igi, ìdin tó fi ara jọ ọ̀gọ̀ngọ̀ tí a ń rí nínú igi ọ̀pẹ. Ó wo bí ìdin náà ṣe ń fi ẹnu méjì gé igi sí ọ̀tún àti sí òsì, tí kò sì bìkítà bóyá igi náà dúró tàbí ó dùbúlẹ̀. Ó ṣe eyín ṣéènì tó ń gé bíi tirẹ̀, ọ̀kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Ní 1947 ó ti ń tà á. Eyín inú ṣéènì tó wà lọ́wọ́ yín lónìí, ọmọ tirẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀tún àti òsì fi gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ṣéènì yín, tí wọ́n ń fi íńṣì sọ, kí ẹ lè mọ fáìlì tó bá a mu. Ṣéènì .325 ń gba fáìlì mílímítà 4.8. Ṣéènì 3/8, tó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ àárín, ń gba 5.2 tàbí 5.5, ó dá lórí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣéènì .404, tó wà lórí 070, ń gba 5.5. Ṣéènì 3/8 kékeré tó wà lórí MS 180 ń gba 4.0. Fáìlì roboto ni gbogbo wọn. Fáìlì tó tẹ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó tutù, ẹ fa ṣéènì le díẹ̀ kó má baà máa mì, ẹ ti bíréèkì. Ẹ gé ojú kan sí ara kùkùté kí ẹ ki báà bọ̀ ọ́ kó dúró ṣinṣin. Ẹ wá eyín tó bàjẹ́ jù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pọ́n, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ti fáìlì. Láti inú síta ni a ń tì í, a kì í fà á padà sórí eyín. Ìgun rẹ̀ jẹ́ dígírì 30 fún gígé igi ní ìdábùú. Ẹni tó ń la pákó nìkan, dígírì 10 ni ṣéènì rẹ̀ ń fẹ́. Ìdá kan nínú márùn-ún fáìlì ló yẹ kó yọ sókè orí eyín. Ẹ pọ́n gbogbo ti apá kan tán, kí ẹ tó yí sí apá kejì, kí iye tí ẹ tì í sì dọ́gba.

Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, irin kúkúrú kan wà tó ń sọ bí eyín ṣe máa jin tó nínú igi. Bí ẹ bá ti pọ́n eyín títí tó fi kúrú, irin yẹn á ga jù ú, ṣéènì á mú ṣùgbọ́n kò ní jẹ igi. Fáìlì tó tẹ́ ni ẹ máa fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: mílímítà 0.65 sísàlẹ̀ eyín fún 3/8 àti .325, 0.80 fún .404. Ẹ ra irin òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ jù, ṣéènì á máa hán igi gbà, ẹ̀rọ á máa ta yín padà, mo sì ti rí àwọn tó rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kó yára.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá kú pátápátá. Bí epo inú ẹ̀rọ bá tán, kí ẹ tó da òmíràn, ẹ ti fáìlì sí eyín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kí ló dé tí ṣéènì tètè ń kú nígbà tí mo bá gé ìrókò tàbí tíìkì?

Tíìkì ní ohun líle kan nínú ara rẹ̀ tó jọ yanrìn, silica ni wọ́n ń pè é, òun ló ń jẹ eyín ṣéènì. Ìrókò, nígbà mìíràn, ní òkúta gidi nínú, funfun, ní ibi tí igi náà ti gbọgbẹ́ rí. Ẹ kò ní rí i láti ìta. Bí ìró ẹ̀rọ bá yí padà lójijì tí iná sì ṣẹ́, ẹ dúró, ẹ má tì í. Ẹ tún bo imú àti ẹnu yín nígbà tí ẹ bá ń gé ìrókò, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń fa ara yíyún àti ikọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Igi ìgboro ní ìjọ̀gbọ̀n tirẹ̀. Igi ẹ̀bá títì tí wọ́n ti ń kan pátákó ìsọjí àti àwòrán olóṣèlú mọ́ láti ọdún pípẹ́, ìṣó ti wọnú rẹ̀ lọ, èèpo sì ti bò ó. Ẹ yí i po, ẹ wò ó, ẹ fọwọ́ pa á kí ẹ tó gé e ní ìwọ̀n àyà èèyàn. Wáyà ọgbà náà ń bẹ níbẹ̀. Àti ní ọjọ́ gbogbo, ẹ má jẹ́ kí imú báà kan ilẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú yanrìn ti tó láti pa ṣéènì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n.

Ẹ̀rọ mi ń gé ní wíwọ́, kì í lọ tààrà.

Eyín apá kan gùn tàbí mú ju ti apá kejì lọ. Ẹ wọn eyín tó kúrú jù, kí ẹ pọ́n gbogbo ìyókù títí wọ́n á fi bá a dọ́gba. Bí ó bá ṣì ń wọ́, ẹ wo báà: etí rẹ̀ kan ti jẹ ju èkejì lọ. Báà tí a kì í yí padà ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ṣéènì.

Kí ni kí n máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́?

Ẹ tú ìbòrí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbọn pàǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú ojú ọ̀nà báà, ẹ gún ihò ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ yọ fítà atẹ́gùn, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́ bó bá jẹ́ irú tó gba omi, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku ń kún un kíákíá, ẹ lè ní láti ṣí i ní ọ̀sán pàápàá. Ẹ nu àwọn ìyẹ́ irin ara sìlíńdà, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń tu ẹ̀rọ, pàǹtí tó dí i ń sè é láti inú.

Ẹ yẹ líle ṣéènì wò nígbà tó tutù: kó lẹ̀ mọ́ abẹ́ báà, ṣùgbọ́n kí ẹ lè fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ fà á yí. Ṣéènì tuntun ń fà, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra ní ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá lo ṣéènì méjì tán, ẹ pààrọ̀ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (irin eléyín tó ń yí ṣéènì), nítorí èyí tó ti jẹ á ba ṣéènì tuntun jẹ́.

Ẹ̀rọ mi kò jí.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bó bá tutù fún epo, ẹ ti fà á jù pẹ̀lú ṣóòkì: ẹ nù ún, ẹ fa okùn nígbà mélòó kan láìsí púlọ́ọ̀gì, ẹ dá a padà, ẹ jí i láìsí ṣóòkì. Bó bá gbẹ, epo kò dé ibẹ̀: ẹ wo fítà epo inú táńkì. Àlàfo púlọ́ọ̀gì jẹ́ mílímítà 0.5. Tí gbogbo èyí bá dára tí kò sì jí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má kàn máa yí ìdè kábúrétọ̀ kiri. Ẹni tó bá yí ìdè tí wọ́n kọ H sí mọ́lẹ̀ jù kí ẹ̀rọ lè máa ké gooro, ó ti dín epo àti ọ́ìlì tó ń wọ písítìn kù, ẹ̀rọ yẹn kò ní pẹ́ jóná.

Bí ṣéènì bá ń yí nígbà tí ẹ kò tẹ nǹkan kan, ẹ má fi í ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

Kí ni ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ta síni lójú?

Òkè imú báà ni. Bí apá òkè imú yẹn bá kan igi, ẹ̀ka tó fara sin tàbí ilẹ̀, ṣéènì á fẹ́ gun nǹkan náà, gbogbo ẹ̀rọ á sì fò padà sókè sí ojú àti ọrùn ẹni tó dì í mú. Kò sí ẹni tó yára tó o. Ṣéènì tó ń sáré ń lọ tó mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Nítorí náà: ọwọ́ méjèèjì lórí ẹ̀rọ, àtàǹpàkò òsì ká ọwọ́ iwájú, ẹ má dúró sí ojú ibi tí báà máa gbà padà, ẹ má gbé e ga ju èjìká lọ. Bíréèkì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ dán an wò ní àràárọ̀: ẹ tẹ ẹ̀rọ kó sáré, ẹ ti bíréèkì síwájú, ṣéènì gbọ́dọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé dandan ni aṣọ agégi? Ooru ilẹ̀ wa pọ̀.

Ooru pọ̀, mo mọ̀ ọ́n lára. Síbẹ̀, ṣòkòtò agégi ní fọ́nrán gígùn nínú tó ń fà jáde tí ṣéènì bá kàn án, tó ń dí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀rọ á sì dúró. Jíǹsì kò lè ṣe èyí, ṣéènì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí owó kò bá tó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí: akoto tó ní àwọ̀n ojú àti ìdítí. Ìró ẹ̀rọ yìí ju 100 désíbẹ́ẹ̀lì lọ, àwọn àgbà agégi tí kò gbọ́rọ̀ mọ́ láyìíká wa kò kéré. Lẹ́yìn náà, bàtà tó ní irin lójú, kí ẹ tó ra ṣòkòtò. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn á dín gbígbọ̀n kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi ló ń gba ọwọ́ là. Bí ìka yín bá ń funfun tàbí ń kú tipiri lẹ́yìn iṣẹ́, gbígbọ̀n ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣan yín bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú fò ó.

Ẹ̀rọ wo ló yẹ kí n gbé gun orí igi?

Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, tí wọ́n ṣe fún gígùn igi, bíi MS 201 T, tó jẹ́ 35 cc tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 4. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi okùn àti bẹ́líìtì gun igi ló wà fún. Ẹ má lò ó nílẹ̀, nítorí ó rọrùn jù láti fi ọwọ́ kan mú un. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ bẹ́líìtì yín, kí bẹ́líìtì sì wà lára igi ní ojú méjì nígbà tí ẹ bá ń gé. Ẹni tí kò bá ní okùn àti bẹ́líìtì, ayùn ọwọ́ ni kó fi gé ẹ̀ka lókè. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn.

Ẹ̀ka wà lórí wáyà iná. Onílé ní kò sí iná ládùúgbò, kí n máa gé e lọ.

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Iná lè dé láìròtẹ́lẹ̀, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń dé. Àní bí iná kò tilẹ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan tí wọ́n kò so dáadáa lè máa ti iná padà sórí wáyà. Wáyà òkè òpópónà lè jẹ́ 11,000 tàbí 33,000 fóòtì (volt), igi tútù sì ń gbé iná. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná agbègbè yín, IBEDC, Ikeja Electric, Eko Electric tàbí èyí tó bá jẹ́, kí òṣìṣẹ́ wọn wá pa wáyà náà kó sì dúró tì yín. Bí onílé kò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ.

Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ?

Ní Èkó, LASPARK, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọgbà àti igi, ló ń fúnni ní àṣẹ láti gé igi, kódà èyí tó wà nínú ọgbà ẹni. Nínú igbó ọba, ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó ni. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ìwé náà hàn yín kí ẹ tó jí ẹ̀rọ, nítorí ẹni tí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú.

Ẹ̀rọ oníbátìrì ńkọ́?

Ó dákẹ́, kò ní èéfín, ó dára fún ẹ̀ka lókè igi. Ibi tí ẹ máa ti gba iná sí bátìrì rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó ní sólà nílé lè ronú sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ kejì.

Tí iṣẹ́ kò bá sí fún oṣù kan, báwo ni kí n ṣe tọ́jú rẹ̀?

Ẹ da epo inú rẹ̀ jáde, ẹ jí i kó jó ìyókù tán tó fi kú fúnra rẹ̀, kí epo má baà gbẹ sínú kábúrétọ̀. Ẹ yọ ṣéènì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rì í sínú ọ́ìlì. Ẹ gbé ẹ̀rọ síbi tó gbẹ, kì í ṣe lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ní àkókò òjò.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yá ẹ̀rọ mi.

Ẹ bá a lọ, kí ẹ fúnra yín gé igi náà, kó san owó iṣẹ́ fún yín. Bí ẹ kò bá lè sọ pé rárá, bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí àna yín ni, ẹ fi epo tí ẹ fúnra yín pò ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ da òmíràn sí i. Nígbà tó bá dá a padà, ẹ tú fítà àti ṣéènì wò kí ó tó lọ.